Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tó Ń Wá Orúkọ Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣì ṣe é kọ́ láyé tí gbogbo ènìyàn ń fi fóònù ṣe nǹkan yìí, ẹ jókòó kí n sọ tèmi. Mi ò ní tàn yín. Iṣẹ́ yìí kò sọ mí di olówó. Ṣùgbọ́n òun ló fún mi níyàwó, òun la fi tọ́ ọmọ wa, òun náà ni mo sì fi ń tọ́jú ìyàwó ọ̀hún báyìí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ kàn ní láti ní sùúrù fún mi, torí mo máa ń yà sọ́nà kí n tó débi tí mò ń lọ.

Akínyẹlé lorúkọ mi. Òdóde ní Ìdànrè níbí ni wọ́n bí mi sí, nísàlẹ̀ òkè. Bàbá mi ń ṣoko kòkó, ó sì gbà pé oko lèmi náà máa ṣe. Àmọ́ bí mo bá ṣán oko fún ìwọ̀nba wákàtí, àtẹ́lẹwọ́ mi á ti bó. Bàbá mi yẹ ọwọ́ ọ̀hún wò lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọwọ́ akọ̀wé lèyí." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń yìn mí o. Kò pẹ́ sígbà náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Dáre, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé létí títì. Àdéhùn tí wọ́n ṣe, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Èmi kàn mọ̀ pé lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Ẹni tó fi ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe Ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan ni, Fúnmiláyọ̀. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí i dájú pé mi ò gbàgbé. "Èmi ni sínìọ̀ rẹ níbí," ló máa ń wí. "Gbá abẹ́ tábìlì yẹn dáadáa." Títí a fi ṣègbéyàwó tá a sì bímọ, bí mo bá ṣe nǹkan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí n má gbàgbé ẹni tó gbà mí síṣẹ́.

Ọ̀gá Dáre le. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun báláú, bó sì ṣe fẹ́ kí aṣọ yẹn rí náà ló fẹ́ kí bébà rẹ̀ rí. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bébà láìfọwọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀pà nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mò ń kọ́ ẹ̀rọ táìpù, aṣọ ló fi bo ọwọ́ mi àti ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, kí n má baà máa wo bọ́tìnnì. Ó ní, "Ìka rẹ ló yẹ kó mọ ilé A, kì í ṣe ojú rẹ." Mo sunkún lábẹ́ aṣọ yẹn lọ́jọ́ kan, torí gbogbo ohun tí mo tẹ̀ ló dà bí èdè tí ẹnikẹ́ni kì í sọ.

Àmọ́ òfin tó le jù ni ti kíkà. Ìwé kankan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa tá ò bá tíì kà á sókè. Ẹnì kan á mú èyí tí oníbàárà fọwọ́ kọ wá, á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kejì á mú èyí tá a tẹ̀, á máa kà á ketekete. Bí ohun tí etí gbọ́ bá yàtọ̀ sí ohun tí ìka wà lórí rẹ̀, a ó dúró, a ó tún un tẹ̀. Ọ̀gá á jókòó lẹ́yìn wa, á dijú, ẹ̀yin á rò pé oorun ti gbé e lọ. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ fo ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹni tó ń kàwé bá ń kà á bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, Ọ̀gá á ní kó bọ́ síta, kó dúró létí títì, kó kà á títí àwọn awakọ̀ takisí tó wà lódìkejì á fi gbọ́. Mo ti dúró níbẹ̀ rí. Mo ka ètò ìsìnkú bàbá ẹni ẹlẹ́ni fún àwọn awakọ̀, wọ́n sì bá mi ṣe àmín.

Fúnmi kò dúró síta rí. Ohùn rẹ̀ mọ́, kò sì yára. Nílé, Ìdànrè pọ́ńbélé ló ń sọ, bíi ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n tó bá ti di orí bébà, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn tó ń kọjá lọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ta ló ń ka ìròyìn. Bó ṣe di pé òun ló ń kà tí èmi ń fi ìka tọ̀ ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ wa nìyẹn látìgbà ọ̀dọ́ wa títí di àgbà: ohùn rẹ̀ níwájú, ìka mi lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjì fún yín, torí ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ilé ìwé tó wà láyìíká wa gbé ìbéèrè ìdánwò wá fún wa tẹ̀. Lásìkò yẹn, orí bébà onída tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ńsù la ti máa ń tẹ̀ ẹ́, a ó wá gbé e sórí ẹ̀rọ aṣẹ̀dà, a ó máa fọwọ́ yí i, yí i, bébà á máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ti yí i tán, a ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí tábìlì, nígbà tí ìjì dé láti orí òkè lọ́sàn-án gangan. Ó ṣí páànù ṣọ́ọ̀bù wa lọ. Òjò tẹ̀ lé e. Kí àwa tó rí tapólì dà bò ó, àwọn ìbéèrè ìdánwò ti mu omi yó.

Ọ̀gá Dáre dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, òjò ń kán sí i lórí. Ìdánwò ti sún mọ́lé, bébà míì kò sí, orúkọ tó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ wà nínú omi yẹn.

Fúnmi ló sọ pé ká gbé e lọ sórí ibi tí Alhaja ń sá kòkó sí. Alhaja Sàlámátù ni aládùúgbò wa tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ símẹ́ńtì fífẹ̀ kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí oòrùn yọ, Alhaja ní kí wọ́n gbá kòkó rẹ̀ sí apá kan, ó ní ká gba ìyókù. A tẹ́ bébà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi òkúta kéékèèké tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Íńkì ẹ̀rọ aṣẹ̀dà ní epo nínú, kò sì ṣí. Wàhálà tó kù ni pé ìbéèrè ìdánwò nìwọ̀nyí, gbangba ni wọ́n sì wà. Ọ̀gá ní ká dojú gbogbo wọn délẹ̀, kí èmi àti Fúnmi jókòó ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ ilé ìwé kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

A jókòó sórí àpótí, òun lápá kan, èmi lápá kejì. Nígbà tó yá, oòrùn mú wa, a bọ́ sábẹ́ ibòòji kan náà. A sọ̀rọ̀ títí. Ó sọ fún mi pé òun máa ń bẹ̀rù kí òun tó kàwé, pé àyà òun máa ń já lójoojúmọ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Wàá ti ṣe mọ̀? Ìka rẹ lo máa ń wò." Alhaja gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sàn-án, ó wò wá, ó ní, "Ṣé bébà lẹ ń ṣọ́ ni àbí ara yín?" Ojú tì wá. Àwọn ọmọ Ìdànrè ṣe ìdánwò wọn lórí bébà tó hunjọ, tó ń rùn bíi kòkó, kò sì sẹ́ni tó rí ìbéèrè ṣáájú ọjọ́ ìdánwò.

Lẹ́yìn tí Ọ̀gá Dáre kú, a ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwa. Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀rọ tó kọjá lọ́wọ́ wa dá yín lágara. Ẹ̀rọ táìpù oníná dé, mo rò pé ayé ti parí síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé. Fúnmi ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Èmi ń bẹ̀rù nǹkan kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ tì kiri orí tábìlì yẹn, mo máa ń gbé e sókè bí ẹni gbé eku. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń pariwo bí ayùn dé, ó lọ. Èyí tó ń fọn íńkì dé. Gbogbo wọn ló sọ pé àwọn máa mú iṣẹ́ rọrùn, a sì ń kàwé sókè síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn oníbàárà wa kan rò pé orin wa nìyẹn.

Nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí ṣú tí ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n, a gbé ṣọ́ọ̀bù fún obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, a fẹ̀yìn tì. Tọ́pẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo, tíṣà ni l'Ákùúrẹ́. Ó rí i pé ara àwa méjèèjì kò balẹ̀ láìsí ìwé, ló bá ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan wá sílé, èyí tí kò nílò wáyà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Wáyà iná nìkan ni mo rí. "Ibo lọ̀rọ̀ ń gbà wọlé?" ni mo bi í. Ó ní inú afẹ́fẹ́ ni. Òun àti ìyá rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n fi fóònù Fúnmi so ó, torí fóònù Fúnmi ló dára jù nínú ilé. Látìgbà náà, Fúnmi á jókòó sórí àga rẹ̀, á tẹ fóònù, ẹ̀rọ tó wà lódìkejì pálọ̀ á kùn hùn-ùn, bébà orin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa á máa jáde. Ó máa ń wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ṣé mo rí i.

Lẹ́yìn náà ló ṣubú. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́, mo gbọ́ tí nǹkan là mọ́lẹ̀. Fóònù ọ̀hún fọ́ yángá. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ l'Ákùúrẹ́, Ọlọ́run ṣe é, kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé e díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò padà wá.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o. Ó mọ̀ wá, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá à ń sọ, ẹ̀rín rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ ní "omi", ẹnu rẹ̀ á kàn máa wá a kiri, kò ní rí i, omijé á wá dà lójú rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí àwọn ará ìjọ wa wá gbàdúrà nílé tí wọ́n sì dá orin, Fúnmi bá wọn kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pé. Orin tán, mo ní, "Fúnmi, pe orúkọ mi." Ó la ẹnu, ohùn kankan kò jáde.

Obìnrin kan wà ní ọsibítù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ṣe tíṣà nílé. Kí ìyá máa kàwé sókè lójoojúmọ́. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Ọ̀rọ̀ inú ilé. Ẹ má bá wọn parí ọ̀rọ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó." Mo bi í pé ṣé á padà sọ̀rọ̀. Kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Kíkà kò tíì jẹ́ sísọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá sọ ohun tí kò sí nínú ìwé, tó tinú wọn wá, ọjọ́ yẹn la máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Oṣù àkọ́kọ́ kò ṣe é fi ṣòfò."

Mo délé, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mú bírò, ọwọ́ mi gbọ̀n, lẹ́tà tí mo kọ, èmi alára kò lè kà á. Mi ò lè máa fi Fúnmi nìkan sílẹ̀ lójoojúmọ́ kí n máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà wa ti bá ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ̀rọ tí Tọ́pẹ́ rà nìkan ló kù, fóònù tèmi nìkan ni mo sì ní. Mo tan ẹ̀rọ náà, iná aláwọ̀ búlúù kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Mo tẹ fóònù mi, fóònù ní òun kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan. Ó wà níwájú mi! Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yọ ọ́ kúrò nínú iná, mo kà á sí ẹni tó yẹ kó sinmi, mo fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo tún dá a padà. Iná ń ṣẹ́jú. Fúnmi ń wò mí láti orí àga rẹ̀.

Mo pe Tọ́pẹ́.

"Dádì, iná wo ló ń ṣẹ́jú?"

"Èyí tó dà bí agbòjò tí wọ́n ṣí."

"Wáì-Fáì nìyẹn. Ó ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó mọ̀ ni."

"Ti ta ló wá mọ̀?"

"Ti Mọ́mì," ló wí. "Fóònù Mọ́mì la fi so ó. Orúkọ tí fóònù yẹn ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́ ló ń wá kiri. Kò mọ̀ pé fóònù náà ti fọ́."

Mi ò mọ bó ṣe máa rí létí yín. Létí tèmi, ó wọ̀ mí lára. Gbogbo ìgbà tá a fi wà ní ọsibítù, bí iná bá ti dé, nǹkan yìí á jí, á máa pe ìyàwó mi nínú ilé òfìfo, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo ní, "Kí la máa ṣe?"

"Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ títí á fi gbàgbé ohun gbogbo, ká wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun..."

"Kò ní gbàgbé nǹkan kan. Èwo ni ìkejì?"

Tọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ pé ó ń sunkún nínú rẹ̀. "Kẹ́ ẹ fún fóònù tiyín lórúkọ Mọ́mì. Kí orúkọ bára mu, kí pásíwọ́ọ̀dù bára mu. Ẹ̀rọ yẹn á rò pé Mọ́mì ló dé."

Ó darí mi lọ síbi tí fóònù ti máa ń pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún ẹlòmíràn, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní họ́tísípọ́ọ̀tù. Mo ní dátà mi ti tán. Ó ní kò jẹ dátà, pé láàárín pálọ̀ lọ̀rọ̀ ọ̀hún máa parí sí. Mo pa orúkọ tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo tẹ orúkọ Fúnmi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: Mama Tope.

"Pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Mọ́mì ló yàn án. Orúkọ yín ni, Dádì. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀."

Mo yíjú sí Fúnmi. Ó ti gbọ́, ojú ń tì í bíi ti ọmọge. Gbogbo ìgbà tó ń tẹ̀wé láàárín pálọ̀ yìí, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, orúkọ mi ló fi tì í. Mo tẹ orúkọ ara mi síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n má lè rí bọ́tìnnì.

Iná náà ṣì ń ṣẹ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bínú. Tọ́pẹ́ ní, "Dádì, ẹ ka orúkọ yẹn fún mi bẹ́ ẹ ṣe máa ń kà á ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

"M ńlá. a. m. a. Àyè. T ńlá. o. p. e. Àyè."

"Ẹ dúró. Kí ni àyè ẹ̀yìn yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

Fóònù ló fi kún un fúnra rẹ̀, bí fóònù ti máa ń ṣe. Ọmọ yẹn dàgbà sábẹ́ tábìlì wa, ó ń gbọ́ wa lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ pé ó ń kọ́ nǹkan. Mo pa àyè náà rẹ́. Kò pẹ́, iná dẹ́kun ṣíṣẹ́jú, ó dúró gbọnyingbọnyin. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan sórí fóònù, ẹ̀rọ kùn hùn-ùn, bébà kan jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ó kún ojú ewé: OMI. Mo gbé e fún Fúnmi. Mo kà á, mo ní kó kà á. Ó pẹ́ gan-an. Mo fi eyín mú ahọ́n mi kí n má baà bá a parí rẹ̀. "O," ló wí. Lẹ́yìn náà, "omi."

Iṣẹ́ wa nìyẹn láràárọ̀ látìgbà náà. Mo kọ́ ìwà ẹ̀rọ yẹn bí mo ṣe kọ́ ìwà Ọ̀gá Dáre. Fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ láìtẹ nǹkan, fóònù á ti họ́tísípọ́ọ̀tù náà fúnra rẹ̀, ẹ ó tún un ṣí. Bí mo bá mú fóònù jáde lọ ra nǹkan, ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí wá a kiri. Nígbà òjò, tí ìkùukùu bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bébà máa ń fa ọ̀rinrin, ẹ̀rọ á gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan, á há. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sá bébà sóòrùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Fúnmi rí i, ó nawọ́ sí mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó ka OMI, ó ka IYỌ̀, ó ka TỌ́PẸ́. Ó di gbólóhùn: Òjò ń bọ̀. Mo fẹ́ sùn. Ilẹ̀ ti mọ́. Báyìí, èmi ló ń ka iwájú, ìka rẹ̀ ń tọ̀ mí bọ̀, ohùn rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Torí tí a bá gbé bébà kúrò níwájú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ó lè ka "Mo fẹ́ mu omi" dáadáa, ṣùgbọ́n tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ó ṣì ń nawọ́ sí ife ni. Oṣù ń gorí oṣù. Obìnrin ọsibítù yẹn ní ká má dákẹ́. Mo gbọ́ ohun tí kò sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó bi mí léèrè, ẹ kọ́ ọ tó bá wù yín. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá kọ́ lónìí, ẹ máa sin ín. Ẹni tẹ́ ẹ bá jọ jókòó tì í lẹ máa bá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo ra àkàrà gbígbóná lójúde, mo po ògì, mo gbé e sórí tábìlì níwájú Fúnmi, mo ní kó dúró kí n tẹ ewé ọjọ́ náà jáde ká tó jẹun. Ẹ̀rọ ní òun kò ní ṣe. Ó gbé bébà wọ̀, ó fà á ya, ó dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fa èyí tó ya yọ, mo dé e padà. Ó tún há. Mo ṣí i, ègé kékeré kan ṣì wà nínú lọ́hùn-ún tí ìka mi kò dé. Mò ń bú u, mò ń bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Jọ̀ọ́, má ṣe báyìí sí mi lónìí, ó gbọ́dọ̀ kàwé." Òógùn bò mí.

"Ẹ fi... sílẹ̀."

Mo rò pé aládùúgbò kan ló wọlé. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Fúnmi ń wò mí. Kò sí bébà kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lórí itan rẹ̀, kò sí lórí tábìlì. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń wá nǹkan, mo sì di orí ẹ̀rọ náà mú kí n má baà bá a wá a. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

"Àkàrà," ló wí. "Àkàrà... ń tutù."

Mo ní, "Fúnmi, kí lo wí?"

Inú bí i. Ó bí i gan-an, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lu tábìlì.

"Bàbá Tọ́pẹ́! Ẹ wá... jẹun!"

Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀, mo lọ fọwọ́, mo jókòó tì í, a jẹun.